Lẹ́yìn Tí Ìkookò Bá Ti Di Ènìyàn Tán

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ kan ti jókòó sí mi lọ́kàn tó kọ̀ tí kò dìde. Kí ló dé tó jẹ́ pé nínú àwọn ìwé ìfẹ́ abàmì tí mò ń kà lórí fóònù, ibi tí wọ́n ti ń jà ni mo máa ń fò, ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ ni mo máa ń kà lẹ́ẹ̀mejì?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka irú ìwé yìí ti mọ bó ṣe ń lọ. Ọkùnrin kan ń gbé ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà, bí òṣùpá bá ti lé, á di ìkookò. Ọkùnrin kejì á dé sí ìlú náà, ìfẹ́ á mú àwọn méjèèjì. Ọ̀tá á jáde láti inú igbó, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn, ẹni tó máa kú á kú. Àwọn tó ń kọ ọ́ mọ iṣẹ́ wọn, ìjà náà sì máa ń gbóná. Àmọ́ èmi á sáré kọjá níbẹ̀ kí n lè dé àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹni tó di ìkookò lóru bá jókòó sídìí tábìlì tí gbogbo ara ń ro ó, tí ẹnì kejì ń din ẹyin, tó ń bi í bóyá kí òun fi iyọ̀ sí i.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Akúrẹ́ níbí, kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Iṣẹ́ wa fàyè gba ìwé kíkà ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Bí iná bá lọ, bí oníbàárà bá ní òun ti ń bọ̀ lọ́nà tí kò sì tètè yọjú, orí ìwé kan ti parí. Mo lọ́kọ, mo bímọ. Mo sọ ìyẹn nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tó mọ̀ pé mò ń ka ìtàn ọkùnrin méjì máa ń bi mí ni pé, "Àǹtí, kí ló kàn yín níbẹ̀?" Ìbéèrè tó tọ́ ni, mo sì fẹ́ dá a lóhùn bó ṣe rí lára mi gan-an.

Ta ni yóò gún iyán?

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ iyán ló wà nídìí ẹ̀. Nílé tí mo dàgbà sí, kí n tó mọ̀wé ni mo ti mọ ẹni tó ń gún iyán. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lé e lórí. Bàbá mi á ti oko kókó dé, ìyá mi náà á ti oko kókó kan náà dé, bàbá á jókòó, ìyá á gbé odó. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, mo rí i lójú wọn títí bàbá fi lọ. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi ìyá mi bóyá apá ń ro ó, òun náà ò sì bi ara rẹ̀. Nílé tèmi, ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni ọkọ mi, ó máa ń bẹ iṣu nígbà míràn, á tún pọnmi sí i. Síbẹ̀ àwa méjèèjì mọ̀ pé iṣẹ́ mi ló bá mi ṣe.

Nínú ìwé ọkùnrin méjì, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì yanjú nígbà tí wọ́n kó wọlé pọ̀. Kò sí èyí tí wọ́n bí mọ́ ìdí ààrò nínú wọn. Wọ́n ní láti sọ ọ́ síra wọn létí: lónìí èmi ni màá dáná, lọ́la ìwọ ni, mi ò lè fara da abọ́ fífọ̀, ṣùgbọ́n màá lọ aṣọ. Ẹni tó lè fi eyín fa ilẹ̀kùn ya lóru ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ fún ẹni tí ibà ń ṣe. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka irú ìran bẹ́ẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jókòó jẹ́ẹ́. Kì í ṣe pé mi ò rí ọkùnrin tó ń dáná rí. Àwọn ọkùnrin tó ń sun àsun ní Oǹdó ń dúró ti iná lójoojúmọ́. Ohun tó mú mi ni pé wọ́n bi ara wọn léèrè. Wọ́n bi ara wọn, wọ́n sì dúró gbọ́ èsì.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ irú ìtàn yìí, obìnrin ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kà á. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn obìnrin tó fẹ́ràn eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek ní Amẹ́ríkà ti ń kọ ìtàn ìfẹ́ sáàárín ọ̀gá ọkọ̀ òfuurufú inú eré náà àti igbákejì rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ayé, tí bàbá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ayé. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pélébé, wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn náà, àwọn obìnrin tó ń ya ìtàn alàwòrán ní Jàpáànì ti ń ya ìfẹ́ láàárín ọmọkùnrin méjì fún àwọn ọmọbìnrin tó ń kà á. Àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin gan-an máa ń sọ nígbà míràn pé àwọn obìnrin yìí kò kọ àwọn dáadáa, pé wọ́n sọ àwọn di ọmọlangidi. Ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí mo bá ka ìwé kan tí n kò rí ènìyàn nínú rẹ̀ bí kò ṣe àyà líle àti omijé, mo máa ń pa á dé. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń gbé obìnrin lọ síbẹ̀. Ó fẹ́ rí ìfẹ́ níbi tí kò ti sí ẹni tí wọ́n ti pín iṣẹ́ fún láti inú oyún wá.

Awọ tó wà nínú àká

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ènìyàn tó ń di ẹranko jẹ́ nǹkan òyìnbó. Ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ wa yìí ni D. O. Fágúnwà, ẹni tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1938, tó kó ọdẹ àti irúnmọlẹ̀ sínú igbó kan náà. Kí ó tó di pé a ń ka ìwé rárá, àwọn àgbà ti ń sọ ìtàn ọdẹ tó gun orí ẹ̀gùn, tó rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, tó di arẹwà obìnrin, tó gba ọ̀nà ọjà lọ. Ọdẹ gbé awọ náà, ó kó o sínú àká, ó fi fẹ́ obìnrin náà níyàwó. Ẹ mọ ìyókù. Májẹ̀mú kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, pé kó má sọ ọ́. Ọjọ́ tí ẹmu pa ọdẹ, ó sọ ọ́ fún ìyáálé, ìyáálé fi kọrin, obìnrin náà wá awọ rẹ̀ rí, ó wọ̀ ọ́, ó padà sígbó.

Láti kékeré ni ìtàn yẹn ti máa ń bà mí nínú jẹ́, n kò sì mọ ìdí rẹ̀ títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn ìwé tí mò ń sọ yìí. Obìnrin náà ti gbélé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti bímọ. Ó ti dáná, ó ti ná ọjà, ó ti tọ́jú ọkọ nígbà àìsàn. Kò sí ẹni tó sọ ìtàn ọdún wọ̀nyẹn fún wa. Ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde nìkan la gbọ́, bí ẹni pé àárín náà kò ṣẹlẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 1872, Le Fanu, ọmọ ilẹ̀ Ireland, kọ ìtàn obìnrin amùjẹ̀ kan tó fẹ́ràn ọ̀dọ́bìnrin kan, ọdún 25 kí Dracula, ìwé amùjẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, tó jáde. Ìfẹ́ náà hàn gbangba nínú ìtàn yẹn, òpin rẹ̀ sì hàn gbangba pẹ̀lú: wọ́n gbá igi ṣóńṣó wọ obìnrin náà láyà, wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ẹ wá wo E. M. Forster, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ọdún 1913 sí 1914, ó kọ ìtàn ìfẹ́ ọkùnrin méjì tí kò sí iwin kankan nínú rẹ̀. Ó pinnu pé òpin rẹ̀ gbọ́dọ̀ dùn, kí wọ́n má kú, kí wọ́n má sì fi ara wọn sílẹ̀. Nítorí òpin dídùn yẹn ni kò fi lè tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí ẹ̀wọ̀n ni òfin ìlú rẹ̀ là sílẹ̀ fún irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Òfin yẹn kò yí padà níbẹ̀ títí di ọdún 1967. Ó kú ní 1970, ìwé náà sì jáde ní 1971. Ohun tó máa ń dùn mí nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń wá ibi tí àwọn ọkùnrin méjì náà máa gbé, inú igbó ló rán wọn lọ. Kò rí ilé kan láàárín ìlú tó lè gbà wọ́n.

Ìdí nìyí tí mo fi ka àwọn ìwé ìkookò òde òní sí ohun pàtàkì, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ń fojú yẹpẹrẹ wò wọ́n. Òfin irú ìtàn ìfẹ́ yìí le: bí àwọn méjèèjì kò bá wà pọ̀ pẹ̀lú ayọ̀ nígbà tó bá parí, àwọn òǹkàwé kò ní gbà á ní ìtàn ìfẹ́. Nítorí òfin yẹn, òǹkọ̀wé kò lè rán àjèjì padà sígbó kó sì wí pé ó tán. Ó ní láti wá yàrá fún un, kó wá ẹni tó máa sanwó iná, kó wá bí aládùúgbò ṣe máa kí i ní àárọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ tí Màmá sọ ìtàn àkúdàáyà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí, òjò rọ̀ títí, iná lọ, àwọn oníbàárà mẹ́ta kan kò lè jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi. Màmá tó ń ta èlùbọ́ ní ọ̀ọ́kán sá wọlé bá wa. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń gbọn omi kúrò létí ìró wọn, ọ̀rọ̀ sì bọ́ sórí àkúdàáyà.

Wọ́n ní ọkùnrin kan kú ní Oǹdó nígbà tí àwọn ṣì wà lọ́mọge, wọ́n sin ín, wọ́n ṣe òkú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ará àdúgbò rẹ̀ kan bá ọjà títà dé Kùmásí ní Gánà, ó yà ra búrẹ́dì, ẹni tó ń po ìyẹ̀fun níbẹ̀ ló wò tí kò lè gbójú kúrò. Ọkùnrin náà ni. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ méjì ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà. Oníṣòwò yìí ké sí i, ó pè é lórúkọ, ó tún ki oríkì ilé wọn mọ́ ọn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n lọ ra nǹkan tútù wá fún yín." Ó fi ọwọ́ tí ìyẹ̀fun kún ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò sì padà wá mọ́. Màmá ní ìyàwó náà dúró títí ìyẹ̀fun fi wú kọjá etí agolo. Àwọn ènìyàn ní kó yan án, ó ní rárá, kí ọkọ òun dé ná.

Kò sẹ́ni tó mí kíkankíkan nínú wa. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi tó fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́ di òwú náà mú lójú afẹ́fẹ́, kò rántí láti kì í bọ̀ ọ́ mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà fi ẹ̀gbẹ́ gèlè nu ojú. Ó ní, "Kí ló pè é fún? Kò yẹ kó ṣe bí ẹni tí kò rí i ni?" Èkejì ní, "Ẹni tó ti rí ibi ìsinmi, ó jókòó ti ìyàwó ẹ̀, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu." Kò sí ẹni tó sọ pé òkú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹ́yàwó. Kò sí ẹni tó sọ pé ohun àìmọ́ ni. Àánú ọkùnrin tó ń fi ara pamọ́ ṣe wọ́n dé egungun.

Òjò kò tíì dá tí ọ̀rọ̀ fi yà sọ́nà mìíràn. Ẹni tó nu ojú pẹ̀lú gèlè yẹn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọkùnrin méjì kan wà tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, wọ́n jọ ń dáná, ọ̀kan kì í jẹun bí èkejì kò bá tíì dé. Ó ní irú jíjọ gbé yẹn kò yé òun, pé ó yẹ kí ẹnì kan ta onílé lólobó, bí onílé kò bá sì ṣe nǹkan, kí wọ́n gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Àwọn yòókù ń mi orí.

Mo kọjú sí Màmá. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, oníṣòwò tó pe ọkùnrin yẹn lórúkọ ní Kùmásí, kí ló rí gbà níbẹ̀?"

Màmá wò mí, wọ́n wo obìnrin náà, wọ́n tún wò mí. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé wọn kò ní dáhùn. Wọ́n wá ní, "Kò rí nǹkan kan gbà. Ó kàn ya ẹnu ẹ̀ ni." Wọ́n dìde, wọ́n tún ìró ró, wọ́n sì sọ fún obìnrin náà jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀." Kò sẹ́ni tó tún sọ ọ́ mọ́ títí òjò fi dá.

Mi ò mọ ohun tí àwọn ọmọ méjì yẹn jẹ́ síra wọn, kò sì kàn mí láti mọ̀. Wọ́n lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, wọ́n lè jẹ́ ọ̀rẹ́ tí owó ilé kò jẹ́ kí wọ́n gba yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lè fà. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó de ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin tàbí obìnrin àti obìnrin: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún 10 fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó mọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbi tó ti ń sá fún òjò lè gbàgbé rẹ̀ kó tó délé, nígbà tí ẹlòmíràn á máa fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ san án.

Àánú tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ń gbé kiri láti ìgbà náà. Mo ti máa ń rò pé bí àwọn ènìyàn wa yóò bá káàánú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, àfi kí a kọ́ wọn ní ohun tuntun. Àṣé àánú náà ti wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn àgbà ti kọ́ wọn láti ìdí ààrò pé ẹni tó ń tú ilé onílé ká kò ṣe ohun rere. Ìtàn ìkookò tí mò ń kà ló jẹ́ kí etí mi là sí i, nítorí pé gbogbo ìgbà ni mo máa ń rí i nínú wọn: ibi tí ẹnì kan ti rí ohun tí kò yẹ kó rí, tó wá yan láti ti ilẹ̀kùn, kó sì pa ẹnu mọ́.

Ẹ̀sùn mi sí àwọn òǹkọ̀wé náà

Mo fẹ́ràn wọn, nítorí náà ni mo fi ń bá wọn jà. Àkọ́kọ́ ni òórùn. Nínú èyí tó pọ̀ jù, ìkookò kan á gbóòórùn ènìyàn, lójú ẹsẹ̀ á mọ̀ pé ẹnì kejì òun nìyí títí ayé, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Àwa náà gbà pé orí ló ń yan nǹkan fún ènìyàn, ṣùgbọ́n lórí ìkúnlẹ̀ ni onítọ̀hún ti yàn án, ẹnu rẹ̀ ló sì fi sọ ọ́. Ìfẹ́ tí imú nìkan yàn kò dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ rí ẹni tó lè lọ, tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún un, tó sì dúró.

Ẹ̀sùn kejì ni olórí ìkookò tó ń kùn, tó ń pàṣẹ, tó ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá wo olólùfẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ní kí a pe ìyẹn ní ìfẹ́. Mo ti rán aṣọ fún àwọn obìnrin tó ní irú ọkọ bẹ́ẹ̀ nílé. Mo ti ní láti rán apá aṣọ wọn gùn ju bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ lọ, kí ojú má bàa tó ibi tó wú. N kò lè ka irú rẹ̀ ní fàájì.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sí ìyá nínú àwọn ìwé náà. Àwọn ọkùnrin yìí máa ń jẹ́ ọmọ òrukàn, tàbí kí ẹbí ti lé wọn jáde kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá kó àwọn ọ̀rẹ́ jọ, wọ́n á sọ ọ́ di ẹbí. Ó yé mi. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀, ibi tí ẹ̀dùn ọkàn wọn ti wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n níbí, ìfẹ́ kì í sá fún ìyá. Ìyá á pe fóònù, á bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Ìyá á dé láìsọ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àpò gààrí àti epo pupa, á ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò, á ka iye bẹ́ẹ̀dì tó wà nínú yàrá. Ìtàn tí mo fẹ́ kà ni ti ìyá tó kà á tán, tó mọ ohun tó rí, tó sì pín ẹran sí abọ́ méjì láìsọ nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ọmọ ilẹ̀ yìí láti kọ ọ́, mo ti sọ ohun tó fà á. Síbẹ̀ mo mọ ibi tí mo fẹ́ kí ó ti ṣẹlẹ̀. Lórí òkè Ìdànrè, ní ìlú àtijọ́ tí àwọn ènìyàn ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbẹ̀, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ gùn tí àlejò fi máa ń jókòó sinmi lójú ọ̀nà. Kí ọdẹ kan wà níbẹ̀. Kí ẹfọ̀n kan bọ́ awọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ọkùnrin ló jáde láti inú awọ náà. Ọdẹ kò ní gbé awọ pamọ́ sínú àká. Kó ká a jọ, kó gbé e fún ẹni tó ni ín. Bí ẹmu bá pa á lọ́jọ́ kan, kó sùn. Lẹ́yìn náà, kí òǹkọ̀wé má ṣe dánu dúró. Kó kọ ogún ọdún tó tẹ̀ lé e fún mi, ẹni tó gún iyán lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó lọ sí oko kókó nígbà tí ọwọ́ ẹnì kejì ṣẹ́, iye tí wọ́n ta kókó lọ́dún náà, àti ohun tí ìyá ọdẹ sọ nígbà tó kọ́kọ́ gun òkè wá kí wọn.